Ta Ló Dúró fún Ẹ?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Kíláàsì karùn-ún ni mo kà mọ, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ mi níbẹ̀. Inú Bíbélì ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ mọ Yorùbá kà. Kíkọ rẹ̀, kíláàsì àgbà tí wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti ń kọ́ ọ. Olùkọ́ wa ló ní kí kálukú kọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí i. Àwọn tó kù kọ ojú ìwé kan. Tèmi kọ̀, kò tán. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó lè dùn létí, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Ẹ bá mi fara dà á.

Abúlé wa kò jìnnà sí Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Tí ènìyàn bá fojú ilẹ̀ wò ó, mi ò lọ sókè òkun kankan. Ẹnubodè kan péré ló wà láàárín. Yorùbá là ń sọ níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbí. Mo rò pé ńṣe ni mo kúrò ní yàrá kan bọ́ sí yàrá kejì nínú ilé kan náà, títí di ọjọ́ tí mo la ẹnu mi ní Ṣàngó, ìlú tó wà lẹ́bàá Ọ̀tà.

Mo ti ń ránṣọ láti kékeré, iṣẹ́ náà ni mo sì wá ṣe. Ọ̀gá mi, Ìyá Ṣeun, ní ṣọ́ọ̀bù nínú yàrá iwájú ilé tó háyà ní Ilo-Awela. Opó ni. Aṣọ akọrin là ń rán, àti gáùn dúdú tí àwọn ọmọ yunifásítì ń wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbà wọ́n wọlé. Nígbà yẹn, bí o bá sùn tí o jí, ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan ti dé ojú títì. Yunifásítì ń kọ́lé lé ilé. Iṣẹ́ kò wọ́n wa. Iná ló wọ́n wa.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni, mo wà lórí másíìnnì oníná, abẹ́rẹ́ dúró sínú aṣọ. Mo pe iná bí a ṣe ń pè é nílé, mo ní, "Kuráǹ ti lọ."

Ẹ̀rín bú jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá Múfú, tó háyà yàrá kan nínú ilé wa, tó sì ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbé orí gba ojú fèrèsé wọlé.

"Kí ló lọ?"

"Kuráǹ."

"Kuráǹ! Ègùn ni ẹ́?"

Mo fi ohùn kékeré sọ fún un pé èmi kì í ṣe Ègùn, pé ọmọ Kétu ni mí, Yorùbá bíi tiẹ̀. Ó ní Kétu ni o, Kùtọnú ni o, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Kùtọnú, àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Ṣeun nìkan ni kò pè mí bẹ́ẹ̀. "Ọmọ mi" ni tirẹ̀. Orúkọ tí ìyá mi sọ mí kò rí ẹni pè é.

Ní Ṣàngó, wọn kì í sọ pé iná lọ. "Wọ́n ti mú iná lọ" ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu. Nílé, kuráǹ máa ń dìde fúnra rẹ̀ ni, bí àlejò tó rántí pé òun ní iṣẹ́ níbòmíràn. Níbí, ẹnìkan ló wá mú un. Mo bi Ìyá Ṣeun pé ta ni "wọ́n" yìí. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú.

"Ọmọ mi, bí mo bá mọ̀ wọ́n ni, ǹ bá ti lọ kúnlẹ̀ fún wọn."

*

Ohun tí wọ́n ń bi àlejò ní ìlú yìí kò pọ̀. "Ta ló dúró fún ẹ?" ni. Kí o tó rí yàrá, onídùúró. Kí o tó wọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, onídùúró. Kí ọlọ́pàá tó fi ẹni tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀, onídùúró. Ẹni tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ ni, pé bí o bá sá, òun ni kí wọ́n mú.

Èmi kò lẹ́nìkan. Obìnrin alájàpá kan láti abúlé wa ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣeun, ó sì ti bá ọjà rẹ̀ lọ. Bàbá Onílé, àgbàlagbà ọmọ Ọ̀tà tó ni ilé náà, pè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní òun kò ní í gba ẹni tí kò ní káàdì orílẹ̀-èdè yìí sínú ilé òun láìmọ ẹni tó dúró fún un.

Ìyá Ṣeun ní, "Èmi ni mo dúró fún un, Bàbá."

"O mọ ìyá rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo mọ̀. Ẹni tó bá ń ṣẹ́tí aṣọ báyìí kò lè rí àyè jalè."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì fi mí sílẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo sùn, láàárín àwọn gáùn tí wọn ò tíì ní olówó.

Lọ́jọ́ kejì, mo yá asẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó Bàbá Onílé. Kí n tó dá a padà, mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán ju bí mo ṣe gbà á lọ. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: ohun àyálò kì í gbé ìdọ̀tí padà sílé olóhun. Ìyá Ṣeun rí mi nídìí omi. Ó mi orí.

Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wúwo jù. Ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń lọ tóbi débi pé inú telifíṣọ̀n la ti ń rí ẹni tó ń wàásù níwájú wa. Àwọn akọrin á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ tí mo rán á máa mì lára wọn. Mo mọ ẹni tí a bu aṣọ sí lábíyá, mo mọ ẹni tí apá aṣọ rẹ̀ kúrú díẹ̀. Mo mọ ìṣẹ́tí aṣọ gbogbo wọn, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó mọ ojú mi. Onítìjú ni mí láti ilé wá. Bí wọ́n bá ní kí kálukú bọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ńṣe ni mò ń wá nǹkan nínú báàgì mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni èmi àti ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìbéèrè mẹ́ta ló ní, kì í yí wọn padà. Ṣé mò ń jẹun? Ṣé iná ń bẹ? Ṣé wọ́n ń pè mí lórúkọ mi? Mo máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan péré ló jẹ́ òtítọ́.

*

Jẹnẹrétọ̀ la fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ògiri la gbé e sí, èéfín rẹ̀ á gba fèrèsé wọlé, á bá èéfín àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin pàdé nínú ọ̀fun wa. Ìyá Ṣeun ń wúkọ́. Nígbà tí owó epo fò sókè, wákàtí díẹ̀ la fi ń tàn án lójúmọ́, a ó sì máa ránṣọ nínú wákàtí náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan kó gáùn rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn. Ìyá Ṣeun ní bí ó bá ń lọ báyìí, òun á ti ṣọ́ọ̀bù, òun á lọ bá Ṣeun ọmọ òun ní Ìbàdàn. Kò sọ ibi tí èmi máa lọ. Mi ò bi í.

Sólà kì í ṣe ohun tuntun lójú wa. A ń rí i lórí òrùlé àwọn pásítọ̀ àti àwọn olùkọ́ yunifásítì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á ń fẹ́ gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, báńkì kò sì ní í gbójú sókè wo opó tó ń ránṣọ. Ìgbà tí ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Báńkì á yá ilé lówó sólà, ilé á máa san án padà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ìjọba á sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ̀rù má baà ba báńkì. Bí kì í bá ṣe ti ìjọba ni, kò sẹ́ni tó máa ya ilé wa rárá. Mo ní láti sọ èyí, nítorí lẹ́yìn náà gbogbo ènìyàn gbàgbé rẹ̀.

Ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ tó ń gbé sólà kọ́ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí Ìyá Ṣeun wà. Ọ̀gbẹ́ni Sólà ni àdúgbò ń pè é. Ìyá Ṣeun ní ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì títí, ó wá rí i pé àwọn ìyá ti ń wo aago, ló bá fi Yorùbá díẹ̀ parí rẹ̀: "Ẹ má bẹ̀rù. Ìjọba ló dúró."

Gbólóhùn yẹn ti dé ilé wa kí Ìyá Ṣeun tó dé.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló mú fọ́ọ̀mù náà jáde, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Yorùbá. Òun kò mọ̀wé. Ó ní kí n kà á fún òun. Bọ̀dá Múfú jókòó sórí táyà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Onílé náà wà níbẹ̀, nítorí orí òrùlé tirẹ̀ ni wọ́n máa gbé e kọ́ sí. Mo dìde dúró. Mo kà á wá láti òkè, mo dé ibi tó ti sọ pé: "Ìjọba ni onídùúró fún báńkì lórí ẹ̀yáwó yìí."

Bọ̀dá Múfú lu itan rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ìjọba ni onídùúró. Ẹni tó bá dúró, òun ló ń san. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ní tọlọ́pàá? Ìyá Ṣeun, bí mo bá dúró fún yín tí ẹ sá lọ, ta ni wọ́n máa mú?"

Bàbá Onílé ló dá a lóhùn. "Ìwọ ni."

"Ó tán. Kí wọ́n lọ mú ìjọba."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú mi ti dé ìlà kejì: "Èyí kò bọ́ gbèsè náà kúrò lọ́rùn ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé." Mo rí i kedere. Mo tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ kékeré tó wà nínú ìlà àkọ́kọ́, pé fún báńkì ni ìjọba dúró, kì í ṣe fún wa. Mo lanu. Bọ̀dá Múfú ní, "Kùtọnú, ó tó, a ti gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì."

Ìyá Ṣeun kọjú sí mi. "Ṣé ó ku nǹkan?"

Ìlà kẹta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ gbogbo àgbà tó ń gbé inú ilé. Mi ò ní nọ́ńbà kankan ní orílẹ̀-èdè yìí. Mo rò ó pé bí mo bá ka ìkejì, wọ́n á ní kí n ka ìkẹta, Bàbá Onílé á sì tún rántí mi. Ìtìjú ti wà lára mi tẹ́lẹ̀, ìbẹ̀rù wá gùn ún léjìká. Mo pa ìwé náà dé.

"Ó tán, mà."

Ó tẹ̀ka. Lábẹ́ ìlà kẹta, orúkọ tirẹ̀ nìkan ni mo kọ.

*

Wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin sétí òrùlé, wọ́n gbé bátìrì sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kejì ni àdúgbò pariwo pé wọ́n ti mú iná lọ, abẹ́rẹ́ mi kò sì dúró. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí másíìnnì, mo tún gbé e lé e. Ó ń lọ. Kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ògiri. A gbọ́ ọmọ tó ń sunkún ní ilé kẹta, a gbọ́ àkùkọ. Ìyá Ṣeun ní òun kò mọ̀ pé àdúgbò yìí ní adìyẹ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá mi bi mí bí iná bá ń bẹ.

"Oòrùn la fi ń ránṣọ, Màámi."

"Oòrùn wo?"

"Èyí tó wà lókè."

"Ó kúkú wà níbí. Kí ló dé tó o wá a lọ sí Nàìjíríà?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Èéfín ilé-iṣẹ́ irin máa ń fi eruku dúdú bo ojú pánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gbẹ́ni Sólà ti kìlọ̀ pé bí a kò bá nù ún, agbára rẹ̀ á dínkù. Èmi ló bọ́ sí lọ́wọ́. Láràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń gbé àkàsọ̀ ti ògiri, mo gùn ún pẹ̀lú garawa omi. Láti òkè yẹn, mo ń rí orí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń rí òrùlé àwọn ilé-iṣẹ́, mo ń rí ilé bíi mẹ́fà ládùúgbò wa tí pánẹ́ẹ̀lì ti ń dán lórí wọn. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni Kétu wà. Mi ò lè rí i, ṣùgbọ́n mo máa ń wo ọ̀nà ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi mí lókè yẹn pé ta ló dúró fún mi.

Ìyá Ṣeun san ti oṣù àkọ́kọ́, ó san tìkejì. Bọ̀dá Múfú, tí òun náà ti gba kékeré kan fún yàrá rẹ̀, ní kí ló ń san. Ó ní ó ń pọn omi sínú òkun. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Oṣù kẹta, ìyàwó Ṣeun bímọ, owó náà bá ìyẹn lọ. Ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Oṣù kẹrin náà, kò ṣẹlẹ̀. Ìyá Ṣeun dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run lo ìjọba láti gbé ẹrù òun. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo ń wo inú báàgì mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbìyànjú. Mo ní bóyá kí a ṣì máa san díẹ̀díẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo kà á fún mi."

Mo padà sídìí másíìnnì mi.

*

Ọ̀sán gangan ni ó ṣẹlẹ̀. Gáùn yunifásítì kan wà nílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ kó lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a kò tíì rán ju ìdajì lọ. Oòrùn ń mú bí ẹni tí inú ń bí. Abẹ́rẹ́ mi dúró. Iná pupa kékeré kan tàn lára ẹ̀rọ tó wà ní kọ̀rọ̀. A tẹ èyí, a tẹ tọ̀hún. Ìyá Ṣeun jáde sí ìta, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó wo òkè fún ìgbà pípẹ́. Ó padà wọlé, ó jókòó.

"Wọ́n ti mú oòrùn lọ," ó ní.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A wá gbọ́ pé àwọn tó gbé e kọ́ lè wà ní ìlú mìíràn kí wọ́n sì pa á bí ènìyàn kò bá san owó. Ti Bọ̀dá Múfú náà kú. Nínú gbogbo àdúgbò, ilé olùkọ́ yunifásítì tó wà ní ìparí òpópónà nìkan ni iná kò ti kú. Wọ́n ń yọ tirẹ̀ nínú owó oṣù kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ rí owó náà kó tó rántí pé ẹnìkan dúró. Oòrùn kan náà ló ń ràn lé gbogbo wa lórí.

Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Sólà fúnra rẹ̀ dé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gba omi, ó mu ún, ó bẹ Ìyá Ṣeun pé kó má bínú.

Ìyá Ṣeun ní, "Ṣebí ẹ ní ìjọba dúró?"

"Ó dúró fún báńkì, mà. Bí ẹ ò bá san, ìjọba á bá báńkì gbé nínú àdánù rẹ̀. Gbèsè yín ṣì wà lọ́rùn yín."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa."

Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní ó wà nínú ìwé. Ó wá béèrè ohun tí mo ti mọ̀ pé ó máa béèrè: "Ta ló ka ìwé náà fún yín, mà?"

Ìyá Ṣeun yí padà, ó sì pè mí. Kò pè mí ní ọmọ mi. Orúkọ tí ìyá mi sọ mí ló pè.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"O rí i lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo rí i."

Mo rò pé ó máa pariwo. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ ni. "Nígbà tí wọ́n bi mí pé ta ló dúró fún ẹ, mi ò kọ́kọ́ wẹ̀yìn kí n tó dáhùn."

Mo fẹ́ sọ fún un nípa ìlà kẹta. Ó ti kọjú padà sí Ọ̀gbẹ́ni Sólà.

Ọ̀gbẹ́ni Sólà ní ọ̀nà kan ṣì kù. Bí ẹnìkan tó ní owó oṣù bá lè dúró fún Ìyá Ṣeun, wọ́n á tan iná padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì pín gbèsè náà kéékèèké. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní àárọ̀ ọ̀túnla, wọ́n á wá tú u. Ìyá Ṣeun gbé gèlè, ó jáde. Bàbá Onílé ní, "Ẹni tó bá dúró ló ń san. Ẹ̀yin náà la gbọ́ ọ lẹ́nu yín." Olùkọ́ yunifásítì ní òun ti dúró fún àbúrò òun, àwọn kì í gba ti ẹni méjì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà fún un, àdúrà náà gùn, ó sì dára. Bọ̀dá Múfú wá fúnra rẹ̀, kò pè mí ní Kùtọnú, kò ṣàwàdà. Ó ní bí orúkọ òun bá wúlò ni, òun ì bá ti kọ́kọ́ fi gba ara òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Sólà kọjá láti gbọ́ ibi tí a bá a dé. Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo bi í bóyá èmi lè dúró fún un. Ó wò mí, ó béèrè nọ́ńbà mi. Mo ní mi ò ní.

"Inú yín dáa, sístà. Ṣùgbọ́n ìwé ò mọ̀ yín."

Ìjọba dúró, òótọ́ ni. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò lè sọ pé wọ́n parọ́. Ẹ̀yìn báńkì ni wọ́n dúró sí, wọ́n kọjú sí wa. Èmi náà dúró lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, mo sì kọ̀yìn sí ẹnì kan ṣoṣo tó dúró fún mi. Mo ti máa ń rò pé nígbà tí mo bá gba káàdì, nígbà tí mo bá gbàgbé kuráǹ tí mo ń sọ pé wọ́n ti mú iná lọ, nígbà náà ni màá di ará ibí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ tí o bá lè wí ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́ nínú ilé kan, kí wọ́n sì tún fún ọ lóúnjẹ alẹ́, ọjọ́ yẹn ni o di ọmọ ilé. Mi ò dán an wò. Bóyá wọn ì bá gbọ́ tèmi.

Mo pe ìyá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi. Mo ní mo ti jẹun. Mo ní iná kò sí. Ó ní kí ló mú un lọ. Mo ní èmi ni, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní bóyá kí n máa bọ̀ wálé. Ó wá bi mí bóyá wọ́n ń pè mí lórúkọ mi.

"Wọ́n pè mí lánàá," mo ní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ tí wọ́n máa wá tú u, mo dìde kí oòrùn tó yọ. Òjò ti rọ̀ díẹ̀, ilẹ̀ tutù. Láti ọjọ́ tí iná ti kú ni mi ò ti gun òkè mọ́, eruku dúdú sì ti bo ojú pánẹ́ẹ̀lì, òjò sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Mo gbé àkàsọ̀ ti ògiri. Mo bu omi ọṣẹ, mo mú àgékù aṣọ gáùn, mo gùn ún. Mo nu àkọ́kọ́, mo nu igun rẹ̀, mo fi ìka yọ ohun tó há sídìí irin. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sún àkàsọ̀, mo nu ìkejì, mo nu ìkẹta. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, ẹsẹ̀ àkàsọ̀ yọ̀ nínú ẹrẹ̀, mo di etí páànù mú. Lẹ́yìn náà, àkàsọ̀ kò mì mọ́.

Mo wo ìsàlẹ̀. Ìyá Ṣeun ti fi ọwọ́ méjèèjì di àkàsọ̀ náà mú, ìró lásán ló so mọ́yà, omi dúdú láti ọwọ́ mi ń kán sí i léjìká.

Mo ní, "Ẹ wọlé, mà. Ìdọ̀tí ń kán sí yín lára."

Kò gbójú sókè.

"Nù ún," ó ní. "Mo dúró."

Mo tún ri aṣọ náà bọ omi garawa, mo fún omi rẹ̀ dànù. Mo nu ìkẹrin títí ojú mi fi hàn nínú rẹ̀, kí ọkọ̀ wọn tó yà wọ àdúgbò wa.